Olè Inú Eré Ìkórè

Bí ẹ bá dé ilé ìjọsìn wa ní Ìsẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn bẹ́ǹṣì ibẹ̀ dára. Wọ́n fẹ̀ nídìí, ẹ̀yìn wọn dà díẹ̀ kí àgbàlagbà lè fara tì í, ara igi wọn sì dán tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fa aṣọ ya. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kàn wọ́n. Orí àwọn bẹ́ǹṣì yẹn náà ni àwọn ènìyàn gùn lọ́jọ́ básà ìkórè, kí wọ́n lè máa rí i dáadáa bí wọ́n ṣe ń lu ẹni tó kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìròyìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ló máa ń di irọ́.

Tíṣà ni mí. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Emùré, kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìsẹ̀ tí í ṣe ìlú ọkọ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí ohun kan nínú ìtàn àti eré tiwa, mo sì máa ń tọ́ka sí i fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: olè inú ìtàn kì í sábà jẹ́ ọmọ ìlú tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ti ibòmíràn wá. Àjẹ́ inú ìtàn máa ń jẹ́ arúgbó tí kò bímọ. Aṣebi máa ń ní iké tàbí ojú kan. Bí mo bá bi àwọn ọmọ pé, "Ta ló sọ fún ẹni tó kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí?" wọn á máa wo ara wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn rí ní Emùré. Ó dìde, ó ní, "Mà, ẹni tó kọ ọ́ mọ ẹni tí yóò rà á." Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn. Ọmọ tó dáhùn náà ni káfíńtà tó kan àwọn bẹ́ǹṣì tí mo sọ.

Inú abà kan lójú ọ̀nà Emùré ni wọ́n bí i sí. Ìhà Òkene ni bàbá rẹ̀ ti wá láti wá ṣe àgbàṣe lóko kòkó, kò sì padà lọ mọ́. Ìgbìrà ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n. Ẹ̀bìrà ni àwọn ń pe ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò sì pè wọ́n, àyàfi níbi tí mo bá ń sọ ohun tí ẹlòmíràn sọ. Ọmọ náà mọ ìwé kà sókè ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àtirówó tẹ̀ síwájú ni kò ṣeé ṣe, ó bá kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì wá ń gbé ní Ìsẹ̀. Ìjọ wa ló ń wá. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nínú ẹgbẹ́ akọrin yẹn ló ti rí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́.

Bàbá ọmọbìnrin náà ni alága ìkórè wa. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ó níyì, ó sì ní oko iṣu tó tóbi. Nígbà tí káfíńtà lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, kò lé e, kò sì gbà á. Ohun tó sọ ni pé, "A ó máa wò ó." Bí ẹ bá mọ àwọn àgbàlagbà ọ̀dọ̀ wa, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè pa ènìyàn sórí ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti eré náà. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, a máa ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewúrẹ́ nínú ọgbà ìjọ, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ á ṣeré. Eré kan náà ni láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí: àgbẹ̀ kan, ìyàwó rẹ̀, àti olè tó ń wa iṣu wọn. Wọ́n á mú olè. Wọ́n á fà á wá síwájú, á kúnlẹ̀. Olùdarí ètò á wá lu agogo, agogo ọlọ́wọ́ bíi ti ilé-ìwé, á ní, "Ta ni yóò ra pàṣán?" Ẹnikẹ́ni tó bá ju owó sínú àwo, a ó na olè ní ẹyọ kan lórúkọ rẹ̀. Owó ilé Ọlọ́run ni. Àwọn àgbà á máa fi owó bára wọn díje, àwọn ọmọdé á máa ka pàṣán. Bí agogo bá tún dún, eré parí, olè á dìde, á tẹríba fún àwọn ènìyàn.

Ìgbìrà sì ni olè náà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń lọ́ ohùn pọ̀ ni wọ́n máa ń fún ní ipa náà.

Ní ọdún yẹn, olórí àwọn ọ̀dọ́, tí èmi náà kọ́ níwèé rí ní Emùré níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìsẹ̀ ń lọ kàwé, gbé ìwé eré náà wá bá mi pé kí n bá wọn wo èdè rẹ̀. Mo wò ó. Ó dé ibi tí olè ti kúnlẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ ṣàánú mi, ọmọ ìlú yín ni mí!" Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbí?"

"Mà, ibẹ̀ ló máa ń dùn jù. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín ṣubú ni."

"Mo mọ̀. Ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni mò ń bi ọ́."

"Pé Ìgbìrà ní ọmọ ìlú wa lòun, mà."

"Ẹni tí wọ́n bí síbí ńkọ́?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Mà, ẹ ti fẹ́ ba eré yìí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Mo fa igi sórí "Ìgbìrà" níbi gbogbo tó wà nínú ìwé náà, mo kọ "olè" sípò rẹ̀. Mo ní kí ó yọ gbólóhùn ẹ̀bẹ̀ náà kúrò. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà, a ti gbọ́," ó gbé ìwé rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ eré ọ̀dọ̀ wa. Ìwé kọ́ ló ń darí rẹ̀. Ẹnu ni. Ohun tí ènìyàn bá yọ nínú ìwé, orí pèpéle á dá a padà.

Nígbà tí mo yọjú síbi ìdánrawò wọn lẹ́yìn ilé ìjọsìn, mo rí ẹni tí wọ́n fún ní ipa olè. Káfíńtà ni. Ó kúnlẹ̀ sórí pèpéle tí òun fúnra rẹ̀ kàn, olórí ọ̀dọ́ sì ń fara ya lé e lórí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn! Sọ̀rọ̀ bí Ìgbìrà!"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo wá ń sọ látàárọ̀?"

"O ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa! O ń ní 'uṣu', 'ulé'. Ta ló gbọ́ Ìgbìrà tó ń pe uṣu bẹ́ẹ̀?"

"Bí ìyá mi ṣe ń pè é nìyẹn. Ọjà Ìsẹ̀ níbí ló ti kọ́ ọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà Emùré, tó ń gbé ní Ìsẹ̀, ni àwọn ọmọ Ìsẹ̀ jókòó tì tí wọ́n ń kọ́ ní ohùn tí kò ní.

Ó ti ṣe pàṣán eré náà fúnra rẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ méjì ni, ó so wọ́n pọ̀ nídìí, ó fi ẹnu wọn sílẹ̀ láìso. Bí wọ́n bá fi kan ara, pákó á gbá pákó, á dún "pàá!" bí ẹni pé eegun ṣẹ́, kò sì ní dunni. Ó fi na ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí n lè rí i. Ó tún ti rán fóòmù sí ẹ̀yìn ẹ̀wù tí yóò wọ̀.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ ṣe é, àbí wọ́n fi dandan mú ọ?"

"Mo fẹ́ ṣe é, Mọ́mì."

"Nítorí kí ni?"

Ó wo ẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ ò ní lè lé e mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sílé wọn, Bàbá ò rẹ́rìn-ín sí mi rí. Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré. Tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, mo lè tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà."

Mo sọ fún un pé ẹ̀rín ju oríṣi kan lọ. Ó ní òun mọ̀, Mọ́mì, pé èmi ni mo kọ́ òun. Ó padà lọ kúnlẹ̀.

Kí ó lè yé ẹni tí kò gbé lọ́dọ̀ wa, mo gbọ́dọ̀ sọ pé ọdún ẹ̀rù ni ọdún náà. Àwọn ajínigbé ń dá ènìyàn lọ́nà. Àwọn àgbẹ̀ kò lè sùn lóko mọ́. Bí ènìyàn bá lọ sí Òde-Èkìtì tí kò tètè dé, ilé rẹ̀ á dàrú. A kò mọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, àìmọ̀ yìí ló sì mú kí àwọn ènìyàn máa wá ojú tí wọ́n lè fún wọn. Wọn kò wá a lọ jìnnà. Wọ́n ti rí i lórí pèpéle láti kékeré.

Lọ́jọ́ básà náà, ọgbà ìjọ kún dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n ti gbé àwọn bẹ́ǹṣì jáde sábẹ́ kánópì. Alága ìkórè jókòó ní iwájú pátápátá nínú agbádá funfun, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin wọn lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn akọrin. Èmi jókòó sí ìlà kejì nítorí orúnkún mi.

Mi ò ní purọ́, eré náà dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó àgbẹ̀ gbé odó wá, ó ń gúnyán, ó ń pe ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Olè yọ́ wọlé pẹ̀lú àpò, ó ń bá iṣu sọ̀rọ̀ pé kó má pariwo. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn obìnrin ń na ọwọ́ sókè fún ẹ̀rín. Mo yọjú wo alága, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé káfíńtà náà rí i láti orí pèpéle, ojú rẹ̀ mọ́ lójijì bí ojú ọmọ tí wọ́n pè sí iwájú kíláàsì láti fún ní ẹ̀bùn. Ó tún fi kún eré rẹ̀.

Wọ́n mú un. Agogo dún. "Ta ni yóò ra pàṣán?" Owó ń bọ́ sínú àwo. Pákó ń dún, pàá, pàá, olè ń fò, àwọn ọmọdé ń kà.

Ohùn kan ló ti ẹ̀yìn wá. Títí di òní mi ò mọ ẹni tó ni ín. Ó ní, "Alága! Àna yín mà rèé o!"

Gbogbo ọgbà hó.

Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Uṣu ìdána yín ló ń jí kó yẹn! Ẹ tètè gbà á o!"

Ẹ̀rín yẹn kò rí bíi ti àkọ́kọ́. Ó yípo kúrò lára olè, ó dojú kọ bẹ́ǹṣì iwájú. Àwọn ènìyàn dìde lórí ìjókòó kí wọ́n lè rí ojú alága. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó dúró gan-an. Ó dìde. Ó ju owó sínú àwo láìkà á. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó fẹ́ fi hàn pé kò bínú.

Ọmọ tó ń ṣe àgbẹ̀ nawọ́ pákó sí alága. Ó gbà á, ó wò ó, ó fi lu àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó jù ú nù.

Ó ní, "Èyí ò lè dun olè."

Ó gbé ọmọ odó.

Káfíńtà ṣì kúnlẹ̀, ó gbójú sókè, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé ó gbà pé alága fẹ́ bá òun ṣeré ni, pé ọjọ́ tí òun ń retí ti dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé apá òsì sókè díẹ̀ nígbà tí ọmọ odó balẹ̀ lé e.

Mo ti gbọ́ ìró pákó títí ní ọ̀sán yẹn. Ìró tí mo gbọ́ yìí kì í ṣe ti pákó. Apá náà tẹ̀ níbi tí apá kì í ti í tẹ̀.

Ó ké. Gbogbo ohùn tí wọ́n kọ́ ọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tirẹ̀ ló kù. "Bàbá, èmi ni! Ẹ ṣàánú mi! Ọmọ ìlú yín ni mí!"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín ju ti gbogbo ọ̀sán náà lọ.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń dúró sí. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ, òtítọ́ ni. Ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n eré ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ó ti sọ ọ́ di ohun ẹ̀rín. Kò sí gbólóhùn mìíràn tó lè fi bẹ̀bẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn gun bẹ́ǹṣì kí wọ́n má bàa pàdánù rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ pé ọmọ yìí mà mọ eré ṣe o.

Alága tún gbé ọmọ odó. Èyí bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹ̀jẹ̀ tú jáde ní etí. Ìgbà tí àwọn ènìyàn rí ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Àwọn kan dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin kan fò sórí pèpéle, ó ń pariwo pé, "Àwọn ni! Àwọn ni wọ́n ń júwe wa fún ajínigbé!" Òmíràn tẹ̀ lé e, àti òmíràn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi iṣu lù ú, iṣu tí a kó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rí bàtà tó ń lọ sókè sódò lórí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi fóòmù, mo sì rí bàtà tó wá ibi tí fóòmù kò sí. Olórí ọ̀dọ́ ń sáré yí wọn ká, ó ń sunkún, ó ń ké pé, "Eré ni o! Eré ni!" Ẹnì kan gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ bọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé orí pèpéle. Agogo wà lórí tábìlì olùdarí ètò, òun fúnra rẹ̀ ti sá. Mo gbé e, mo lù ú bí a ti ń lù ú láti parí àkókò ìsinmi ní ilé-ìwé, mo sì lo ohùn tí mo fi ń darí ọgbà ilé-ìwé: "Ẹ dúró síbi tí ẹ wà!"

Púpọ̀ nínú wọn, èmi ni mo kọ́ wọn níwèé. Mo rí ẹsẹ̀ tó dúró lókè láìbalẹ̀. Mo rí ọwọ́ tó sọ iṣu sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ agogo.

Alága kò gbọ́. Ó tún gbé ọmọ odó sókè, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó dà bo ẹni tó wà nílẹ̀. Ọmọ odó bà á ní èjìká. Nígbà tí alága rí aṣọ akọrin ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó jẹ́ kí igi náà bọ́. Ewúrẹ́ tí wọn kò tíì tà ń ké nídìí igi.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá la gbé e sí, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́. Mo gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ọmọbìnrin náà di apá tó kán mú. A ti ń wọ Ìkẹ́rẹ́ nígbà tó la ojú kan.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

Mo mọ ẹni tó ń bèèrè nípa rẹ̀. Mi ò lè parọ́ fún ọmọ kíláàsì mi. Mo ní, "Ó rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀."

Ó ní, "Mo rí i." Ó tún dijú.

A ṣe ìkórè lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fọ pèpéle. Lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ ìjọ pè wá jọ. Alága sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ní eré ló di ìjà, ó ní òun náà kò mọ ohun tó wọ òun lára, pé ọmọ òun náà fara pa. Àwọn àgbà mi orí. Ẹnì kan ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sínú àdúrà. Mo nawọ́. Mo ní kí wọ́n dákun jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe: eré kọ́ ló di ìjà. Ìjà náà ti wà nínú eré láti ọjọ́ tí a ti ń ṣe é, a ń fi pákó ṣe é ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní tíṣà ni mí lóòótọ́. Wọ́n gbàdúrà, a sì túká.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lákòókò ìsinmi, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń lu agolo mílíìkì, ọmọ kan sì ń ké pé, "Ta ni yóò ra pàṣán?" Mo yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ti so ọmọkùnrin kékeré kan mọ́ igi máńgòrò, ó kúnlẹ̀. Ọmọ Ẹ̀bìrà láti abà ni. Bísíkíìtì ni wọ́n fi ń ra pàṣán, ẹ̀ka igi tútù ni wọ́n sì fi ń nà án, kì í ṣe pákó. Ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ gbólóhùn náà nítorí ó mọ̀ pé ó wà nínú eré: "Ẹ ṣàánú mi, ọmọ ìlú yín ni mí." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín.

Mo sáré yí ilé ká, mo gba igi lọ́wọ́ wọn.

"Mà, eré ìkórè la ń ṣe," ọmọbìnrin tó ń lu agolo ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta ni olè?"

"Òun ni, mà."

"Kí ló jí?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo ọmọ tó wà nínú ìdè. Òun náà wò mí bí ẹni pé mo lè sọ fún òun. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbàgbé iṣu pátápátá, olè nìkan ló kù nínú eré wọn. Mo tú u, mo fi etí aṣọ mi nu ẹnu rẹ̀.

Ìyá ọmọ yẹn wá kó ẹrù rẹ̀ ní abà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n lọ sí ìhà Òde, àwọn kan lọ sí Iro àti Ìjàn níbi tí wọ́n ti ní ará. Àwọn ló ń bá wa kọ ebè. Nígbà tí àkókò àtigbin iṣu dé, ọ̀pọ̀ oko dúró láìkọ, oko alága náà wà nínú wọn. Koríko gùn níbẹ̀ títí ó fi bo ọ̀nà. Ọkùnrin náà máa ń lọ dúró sí ẹnu ààlà rẹ̀ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì tí mo ń kọjá lọ, mo sì kí i, nítorí àgbà ni.

Wọ́n to apá káfíńtà, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́. Kò lè fi di pákó mú kó sì fi ọwọ́ kejì fá a. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Bàbá rẹ̀ fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, òun ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Mo bá a wí lórí èyí. Mo ní ẹni tí a lù tí kò sọ̀rọ̀ ń fi igi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó lù ú ni. Ó ní, "Mọ́mì, bàbá ìyàwó mi ni."

Iro ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ní ìjọ kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Alága kò wá. Ìyá ìyàwó wá, ó jókòó sẹ́yìn, ó fa gèlè bo iwájú orí. Olórí ọ̀dọ́ wá láti Ìsẹ̀, àlàfo eyín wà lẹ́nu rẹ̀, ó bá wọn gbé omi àti ìjókòó kiri láìjẹ́ kí a bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi èmi jókòó síwájú gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ọkọ ìyàwó.

Nígbà tí àlùfáà dé, bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn náà gbé agogo ọlọ́wọ́, ó lù ú kí a lè dìde.

Ọkọ ìyàwó kò dìde. Ó lọ sílẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ kíá, nínú kóòtù tuntun, ó gbé apá wíwọ́ náà bo orí.

Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Àwọn ará Iro kò mọ nǹkan kan, wọ́n rò pé aláwàdà ni. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó yíjú sí wọn. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò ṣeré." Ẹ̀rín náà dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú apá náà, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ ẹrù. Ó yí i padà kí etí tó ṣì ń gbọ́ràn lè kọjú sí àlùfáà. Wọ́n wá jọ dìde.